Louis Pasteur, Ọmọ Oníṣẹ́ Awọ Tó Tú Àṣírí Ìwúkàrà

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní Trikania, ní ìhà gúúsù ìlú Kaduna, òórùn búrẹ́dì gbígbóná a ti gba àdúgbò kan. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí Kakuri àti Makera a yà láti ra tiwọn, àwọn obìnrin a gbé àtẹ karí, àwọn ọmọ iléèwé a sì máa retí kí omi tíì hó. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń jẹ búrẹ́dì yìí ni ọmọ Yorùbá tó ti Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti Òṣogbo wá wá oúnjẹ òòjọ́ ní ilẹ̀ Haúsá. Díẹ̀ nínú wọn ni ó ti bi ara rẹ̀ léèrè rí pé kí ni ó sọ fúláwà tí a pò, tó wúwo bí amọ̀, di ohun tó fúyẹ́ bí òwú.

Alábúrẹ́dì mọ̀ ọ́n. Ìwúkàrà ni, èyí tí ọjà ń pè ní yíìsì. Ó ń ti inú páálí jáde bí iyanrìn etídò, ó gbẹ, kò mira, kò sì jọ ohun tó ní ẹ̀mí rárá. Ṣùgbọ́n ohun abẹ̀mí ni. Ẹyọ kan rẹ̀ kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Ọkùnrin tó jà títí ayé fi gbà pé ohun abẹ̀mí ni, tó sì fi hàn pé afẹ́fẹ́ ni yóò sọ bóyá yóò máa bí sí i tàbí yóò máa sọ ṣúgà di ọtí, ni Louis Pasteur, ọmọ ilẹ̀ Faransé. Kì í ṣe alábúrẹ́dì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọlọ́tí. Ọmọ oníṣẹ́ awọ ni.

ÌBÍ ÀTI ÈWE RẸ̀

Ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1822 ni wọ́n bí Louis Pasteur ní ìlú Dole, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Baba rẹ̀, Jean-Joseph, ti jẹ́ sájẹ́ńtì nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Napoleon kó tó padà sí iṣẹ́ ìdílé wọn, èyí tí í ṣe fífi awọ màlúù àti ti àgùntàn ṣiṣẹ́, irú èyí tí àwọn ará Kánò àti Ṣókótó ti mọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Nígbà tí Louis ṣì kéré, wọ́n kó lọ sí ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Arbois, ibẹ̀ ni ó sì ń pè ní ilé títí ó fi kú.

Kò sí ẹni tó rí i nígbà náà tí yóò sọ pé ọmọ yìí ni yóò gbayì jùlọ ní ìran rẹ̀. Ìwé rẹ̀ kò burú, kò sì ga jù. Àwòrán yíyà ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jùlọ, ó sì ya àwòrán ìyá àti baba rẹ̀ àti ti àwọn aládùúgbò lọ́nà tó dára. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1838, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 16, wọ́n rán an lọ sí Paris kí ó lè kàwé sí i. Àárò ilé mú un débi pé kò lè jẹun, kò lè sùn. Wọ́n ní òórùn awọ inú ọgbà baba rẹ̀ ni ó ń ṣàfẹ́rí. Oṣù kan péré ni ó lò níbẹ̀ tí baba rẹ̀ fi wá mú un padà sílé. Ẹni tó bá ti fi ilé sílẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn rí yóò mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ìkúnlẹ̀ akin kì í ṣe ìṣubú. Ó tún dìde, ó lọ sí ìlú Besançon tó súnmọ́ ilé díẹ̀, ó kàwé níbẹ̀, ó sì gba ìwé ẹ̀rí. Nínú ìdánwò ti ọdún 1842, máàkì tí wọ́n fún un nínú ìmọ̀ kẹ́mísìtírì kò jọjú. Nígbà tó gba àyè sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga École Normale ní Paris, ipò tó mú nínú ìdánwò náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì kọ àyè ọ̀hún. Ó tún ìwé kà fún ọdún kan sí i, ó tún ìdánwò ṣe, ó sì wọlé láàárín àwọn tó ṣe dáadáa jùlọ ní ọdún 1843. Bí ó ti máa ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nìyẹn.

Ní ọdún 1848, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 25, ó ṣe àwárí àkọ́kọ́ tó sọ ọ́ di olókìkí. Ó ń yẹ irú iyọ̀ kan wò tí wọ́n ń rí nínú ìgbá wáìnì. Ó rí i pé ẹ̀yà méjì ni àwọn ègé iyọ̀ náà pín sí, wọ́n jọ ara wọn bí ọwọ́ ọ̀tún ti jọ ọwọ́ òsì, síbẹ̀ ọ̀kan kò lè gba ipò èkejì. Láti ọjọ́ náà ni ó ti gbà pé ohun abẹ̀mí nìkan ni ó lè mú irú ohun tó ní ọ̀tún tàbí òsì bẹ́ẹ̀ jáde. Èrò yìí ni yóò fà á lọ sọ́dọ̀ ìwúkàrà. Ní ọdún 1849, ní ìlú Strasbourg tó ti ń kọ́ni, ó gbé Marie Laurent níyàwó. Obìnrin yìí di akọ̀wé rẹ̀, alábàárò rẹ̀ àti ọ̀pá ìtìlẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí.

WÀHÁLÀ ỌLỌ́TÍ ÌLÚ LILLE

Ní ọdún 1854, wọ́n yan Pasteur sí ìlú Lille, ìlú onílé-iṣẹ́ púpọ̀ ní àríwá ilẹ̀ Faransé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fún omi ṣúgà láti inú gbòǹgbò kan tí ń jẹ́ bíìtì, wọn a sì fi ìwúkàrà sọ ọ́ di ọtí líle. Ní ọdún 1856, baba ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, onílé-iṣẹ́ ọtí tí ń jẹ́ Bigo, mú ẹjọ́ wá. Àwọn àgbá kan ń ṣe ọtí dáadáa. Àwọn mìíràn ń kan, wọ́n ń rùn, owó sì ń ṣòfò lójoojúmọ́.

Pasteur kò jókòó sínú ọ́fíìsì. Ó lọ sí ilé-iṣẹ́ náà, ó bu omi nínú àgbá tó dára àti èyí tó bàjẹ́, ó sì fi wọ́n sábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Nínú èyí tó dára, ó rí àwọn ohun róbótó-róbótó, òmíràn nínú wọn ti yọ ọmọ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí iṣu tó ń ta ẹ̀yìn. Nínú èyí tó kan, ó rí àwọn ọ̀pá tínńtín tó kéré ju ìwúkàrà lọ púpọ̀, wọ́n ń jì pẹ́pẹ́. Níbi tí àwọn ọ̀pá wọ̀nyí bá ti gbilẹ̀, ọtí a dínkù, omi a sì kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ilé Yorùbá bí a bá wò ó dáadáa. Ìbátan àwọn ọ̀pá tínńtín náà ni ó ń mú ògì kan nígbà tí a bá rẹ àgbàdo. Ìbátan àwọn róbótó náà ni ó sì ń mú ẹmu hó nínú kèrègbè kí oòrùn tó mú. Àwọn ìyá wa ń lo méjèèjì láìmọ orúkọ wọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1857, Pasteur ka ìwé kan sétí àwọn onímọ̀ ìlú Lille láti sọ pé oríṣi ìwúkàrà kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, àti pé ohun abẹ̀mí ni gbogbo wọn.

ÌJÀ PẸ̀LÚ LIEBIG

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ wí bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, Cagniard-Latour ní ilẹ̀ Faransé àti Schwann ní ilẹ̀ Jámánì ti rí i pé ìwúkàrà ń yọ ọmọ. Ẹ̀sín ni wọ́n gbà. Justus von Liebig, àgbà nínú àwọn onímọ̀ kẹ́mísìtírì ayé nígbà náà, sọ pé ohun tó ń jẹrà lásán ni ìwúkàrà, àti pé jíjẹrà rẹ̀ ni ó ń mi ṣúgà títí yóò fi fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ní ọdún 1839, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Wöhler tẹ ìwé àwàdà kan jáde láti fi àwọn tó ní ìwúkàrà wà láàyè ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ya ìwúkàrà bí ẹranko kékeré tí ń jẹ ṣúgà, tí ó sì ń ya ọtí. Nígbà tí àgbà bẹ́ẹ̀ bá ti sọ̀rọ̀, ta ni yóò tún la ẹnu?

Ní ọdún 1857 kan náà, Pasteur padà sí École Normale ní Paris gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá, ṣùgbọ́n kò sí yàrá iṣẹ́ fún un. Yàrá méjì lókè àjà ni ó tún ṣe fúnra rẹ̀, láìsí olùrànlọ́wọ́. Níbẹ̀ ni ó ti ṣe ìdánwò tó gún Liebig lọ́kàn. Ó mú omi mímọ́, ó fi ṣúgà funfun sí i, ó fi iyọ̀ amóníà díẹ̀ kún un àti eérú ìwúkàrà tí wọ́n ti jó, lẹ́yìn náà ó ju ìwúkàrà díẹ̀ bí orí abẹ́rẹ́ sí i. Kò sí ẹran, kò sí ohunkóhun tó lè jẹrà nínú omi náà. Síbẹ̀ ìwúkàrà náà pọ̀ sí i, ṣúgà sì di ọtí. Òkú kì í bímọ. Bí ìwúkàrà bá ń bí sí i nínú omi ṣúgà àti iyọ̀ lásán, a jẹ́ pé ààyè ni. Ní ọdún 1860 ni ó tẹ gbogbo iṣẹ́ náà jáde.

Liebig kò gbà. Ó ní òun tún ìdánwò náà ṣe, kò sì rí ohun tí Pasteur rí. Ní ọdún 1870, Pasteur rìnrìn àjò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Munich kí wọ́n lè jọ sọ ọ́; àgbà náà kí i tìfẹ́tìfẹ́, ṣùgbọ́n ó ní ara òun kò yá, kò sì bá a fa ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn èyí, Pasteur pè é níjà ní gbangba pé kí wọ́n yan ìgbìmọ̀, òun yóò ṣe ìwúkàrà níwájú wọn tó bí wọ́n bá ti fẹ́. Liebig kò dáhùn títí ó fi kú ní ọdún 1873.

AFẸ́FẸ́ ÀTI ÌWÚKÀRÀ

Ṣùgbọ́n ohun tó wúlò jùlọ fún àwọn oníṣẹ́ yíìsì ni èyí tí Pasteur rí ní ọdún 1861. Ó pín ìwúkàrà kan náà sọ́nà méjì. Ó fi ọ̀kan sínú ìgò tí kò sí afẹ́fẹ́ rárá. Ó tẹ́ èkejì sínú àwo pẹrẹsẹ, kí afẹ́fẹ́ lè kàn án níbi gbogbo. Lẹ́yìn náà ó wọn ìwúkàrà tó jáde, ó sì wọn ṣúgà tó ti tán.

Níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, ìwúkàrà ná nǹkan bí ìwọ̀n ṣúgà 60 sí 80 kó tó lè bí ìwọ̀n kan péré sí i. Ọtí ni gbogbo ìyókù fẹ́rẹ̀ẹ́ dà. Níbi tí afẹ́fẹ́ pọ̀ sí, ìwọ̀n ṣúgà 4 sí 10 ti tó fún un láti bí ìwọ̀n kan, ó sì ń bí kíákíá, ọtí rẹ̀ sì kéré. Ìwúkàrà kan náà ni, ṣúgà kan náà ni. Afẹ́fẹ́ ni ó yàtọ̀.

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe èédú yóò tètè lóye rẹ̀. Igi tó jó nínú afẹ́fẹ́ a jó di eérú, gbogbo ooru inú rẹ̀ a sì jáde. Igi tí wọ́n bo iyẹ̀pẹ̀ mọ́lẹ̀, tí afẹ́fẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ kàn, a di èédú, púpọ̀ nínú ooru rẹ̀ a sì ṣẹ́ kù nínú èédú náà tí a tún lè dáná sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìwúkàrà. Bí ó bá rí afẹ́fẹ́, yóò jó ṣúgà dé òpin, agbára tó rí níbẹ̀ ni yóò fi kọ́ ara rẹ̀ tí yóò sì fi bímọ. Bí kò bá rí afẹ́fẹ́, agbára díẹ̀ ni yóò rí, ìyókù yóò wà nínú ọtí, ìdí nìyẹn tí ọtí líle fi ń gbiná.

ÌBÀNÚJẸ́ ÀTI ÀÌSÀN

Bí òkìkí ọkùnrin yìí ti ń kàn ni ibi ń wọlé tọ̀ ọ́. Ní ọdún 1859, ibà táífọ́ọ̀dù pa Jeanne, àkọ́bí rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní Arbois. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1865, baba rẹ̀ kú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Camille, ọmọ ọdún méjì, tẹ̀lé e. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1866, ibà táífọ́ọ̀dù tún mú Cécile, ọmọ ọdún 12, lọ. Ọmọbìnrin mẹ́ta láàárín ọdún méje. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń wò lábẹ́ awò kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán fún un mọ́. Ó ń sin àwọn ọmọ rẹ̀ nítorí irú wọn.

Ní àkókò kan náà, ìjọba rán an lọ sí gúúsù ilẹ̀ Faransé láti wo àrùn tó ń pa kòkòrò tí ń ta òwú sẹ́dà, bí àwọn tí a ti ń rí òwú sányán nílẹ̀ Yorùbá. Ó lo ọdún púpọ̀ lórí rẹ̀, ó sì rí ojútùú. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 1868, àrùn ẹ̀gbà kọlù ú. Apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ rọ. Ẹni ọdún 45 ni. Àwọn ènìyàn rò pé ó ti tán. Láti orí ibùsùn ni ó ti ń sọ ohun tí wọn yóò kọ fún un, kò sì pẹ́ tó fi padà sẹ́nu iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ òsì rẹ̀ kò bọ̀ sípò mọ́ títí láé. Ọwọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó fi ń ṣe ohun tí ọwọ́ tirẹ̀ kò lè ṣe.

Ní ọdún 1870, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Faransé àti Jámánì, Faransé sì fojú winá. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó ní, Jean-Baptiste, wà lójú ogun. Ní oṣù Kìíní ọdún 1871, nínú òtútù àti yìnyín, arọ yìí, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀ wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin, wọ́n ń bi àwọn ọmọ ogun tó ń sá bọ̀ léèrè ọmọ wọn. Ní ẹ̀bá Pontarlier ni wọ́n ti rí i nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù kan, ó ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Inú bí Pasteur débi pé ó dá oyè ọlá tí Yunifásítì Bonn ní ilẹ̀ Jámánì fi dá a lọ́lá padà.

Ó wá pinnu pé òun yóò fi iṣẹ́ gbẹ̀san: bíà ilẹ̀ Faransé yóò dára ju ti Jámánì lọ. Ó ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ bíà kan nítòsí Clermont-Ferrand, ó sì kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1871. Ní ilé-iṣẹ́ Whitbread ní London, ó bu ìwúkàrà wọn wò lábẹ́ awò, ó sì sọ fún wọn láìfi bò pé àwọn kòkòrò mìíràn ti wọ̀ ọ́. Àwọn ọ̀gá ibẹ̀ jẹ́wọ́ pé àwọn oníbàárà ti ń ráhùn. Nígbà tó fi padà débẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti ra awò tiwọn. Ní ọdún 1876, ó tẹ ìwé ńlá jáde lórí bíà. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé kí ìwúkàrà mọ́, kí àlejò má wọ̀ ọ́, kí ènìyàn sì mọ ìgbà tó yẹ kó fún un ní afẹ́fẹ́. Ní ọdún 1883, Emil Hansen ní ilé-iṣẹ́ Carlsberg ní Denmark tẹ̀lé ojú ọ̀nà yìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ìwúkàrà láti orí ẹyọ kan ṣoṣo, kí gbogbo àgbá lè jẹ́ ọmọ ìyá kan.

ÒPIN AYÉ RẸ̀

Iṣẹ́ tó kù ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ó ti fi hàn pé bí a bá mú wáìnì gbóná níwọ̀nba, kì í bàjẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe irú ìgbóná bẹ́ẹ̀ fún wàrà títí dòní. Ní ọdún 1881, ó fi abẹ́rẹ́ àjẹsára gba àwọn àgùntàn lọ́wọ́ àrùn ántíráàsì níwájú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1885, wọ́n fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ gba Joseph Meister, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ajá dìgbòlugi bù jẹ. Owó wọlé láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, wọ́n sì ṣí ilé ìwádìí Institut Pasteur ní Paris ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1888.

Kò gbàgbé Arbois. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni ó máa ń padà sílé baba rẹ̀, àwọn ará ìlú a sì máa mú ẹjọ́ wáìnì àti àìsàn wá bá a. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1895, ó kú ní ẹ̀yìn odi Paris, ní ẹni ọdún 72. Ìjọba ni ó sin ín, ibojì rẹ̀ sì wà nínú Institut Pasteur.

Lẹ́yìn ọdún méjì, ní 1897, Eduard Buchner, ọmọ Jámánì, lọ ìwúkàrà kúnná, ó fún omi rẹ̀, omi náà sì sọ ṣúgà di ọtí láìsí ìwúkàrà alààyè kan nínú rẹ̀. Èyí fi hàn pé Liebig kò ṣìnà pátápátá: ohun tí ń fọ́ ṣúgà wà tí kò ní ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n ohun abẹ̀mí ni ó ń ṣe é. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

OGÚN TÓ FI SÍLẸ̀

Àwọn oníṣẹ́ yíìsì ilẹ̀ Yúróòpù kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọdún 1861 ṣubú sílẹ̀. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, wọ́n ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àgbá wọn. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan ṣẹ́ kù. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà, ìwúkàrà yóò máa ṣe ọtí bí afẹ́fẹ́ tilẹ̀ wà. Ní nǹkan bí ọdún 1919, Sak ní Denmark àti Hayduck ní Jámánì mú ọgbọ́n kan jáde: kí wọ́n má da ṣúgà sí i lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n máa kán an sí i díẹ̀díẹ̀, kí ó pọ̀ sí i bí ìwúkàrà bá ti ń pọ̀ sí i. Ẹni tó ń bọ́ ọmọ ọwọ́ mọ ọgbọ́n yìí: ẹnu tó kún jù a tu oúnjẹ nù.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é títí dòní. Láti inú ìgò kékeré ni ìwúkàrà tó mọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, a máa bọ́ sínú àgbá tó tóbi jùyẹn lọ, títí yóò fi dé inú táńkì irin tó lè gba 100,000 lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oúnjẹ rẹ̀ ni molásíìsì, omi dúdú kíki tó ń ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n bá ti yọ ṣúgà lára ìrèké. Wọn a fi amóníà àti fọ́sífétì kún un, bí Pasteur ti fi iyọ̀ àti eérú kún tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ a máa hó láti ìsàlẹ̀ táńkì láìdáwọ́ dúró. Omi táńkì a kan díẹ̀ kí àwọn kòkòrò mìíràn má baà gbilẹ̀. Nítorí pé ìwúkàrà tó ń jẹun ń mú ooru jáde, omi tútù a máa yí táńkì ká kí ooru rẹ̀ má ju nǹkan bí ìwọ̀n 30 Sẹ́síọ́ọ̀sì lọ. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, kílò ṣúgà 100 lè mú ìwúkàrà gbígbẹ tó súnmọ́ kílò 50 wá. Láìsí afẹ́fẹ́, kò lè ju nǹkan bíi kílò 10 lọ.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ilẹ̀ wa. Afẹ́fẹ́ kì í tètè yòrò nínú omi, nítorí náà ẹ̀rọ tó lágbára ni ó ń fẹ́ ẹ. Bí iná mànàmáná bá lọ, afẹ́fẹ́ inú táńkì yóò tán kíákíá, ìwúkàrà yóò sì yí padà sí iṣẹ́ ọtí. Ẹni tó bá ń gbé Kaduna kò nílò àlàyé jùyẹn lọ.

Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà ní ọdún 1913, ni ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Ebúté Mẹ́ta ní ọdún 1921, tí búrẹ́dì sì bẹ̀rẹ̀ sí í di oúnjẹ mẹ̀kúnnù. Lẹ́yìn rẹ̀, búrẹ́dì tẹ̀lé ọ̀nà rélùwéè àti ti mọ́tò dé gbogbo ìlú tí àwọn ènìyàn wa ń gbé. Molásíìsì kò sì ṣàìsí nílẹ̀ wa: ní Bacita, ní ìpínlẹ̀ Kwara, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣúgà ní ọdún 1964, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti máa fi molásíìsì ibẹ̀ ṣe yíìsì àti ọtí. Síbẹ̀, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ jùlọ nínú yíìsì tí àwọn alábúrẹ́dì wa ń lò ti ń wá, bí owó dọ́là bá sì ti gbé pẹ́ẹ́lí ni owó búrẹ́dì ń tẹ̀lé e.

Alábúrẹ́dì Trikania tó da yíìsì sínú fúláwà ní òru ń ṣe ìdàkejì ohun tí ilé-iṣẹ́ yíìsì ṣe. Ilé-iṣẹ́ fún un ní afẹ́fẹ́ kó lè bímọ. Alábúrẹ́dì pò ó mọ́ inú fúláwà, níbi tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó wà yóò ti tán láìpẹ́. Ìwúkàrà yóò wá máa fọ́ ṣúgà láìsí afẹ́fẹ́, gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ ni yóò sì fẹ́ fúláwà náà sókè. Ọtí díẹ̀ tó ṣe a bá ooru ààrò lọ. Ìdí nìyí tí alábúrẹ́dì tó mọṣẹ́ kì í fi omi gbígbóná janjan pò ó, nítorí omi bẹ́ẹ̀ yóò pa á. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni ó fẹ́. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ó fi ń bò ó mọ́lẹ̀, tí ó sì ń fi sùúrù dúró dè é.

Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ohun abẹ̀mí ni, ó sì ń fẹ́ ìtọ́jú. Ọmọ oníṣẹ́ awọ tí àárò Arbois fẹ́rẹ̀ẹ́ lé kúrò lẹ́nu ìwé ni ó fi èyí yé ayé. Búrẹ́dì òwúrọ̀ ń jẹ́rìí rẹ̀ lójoojúmọ́.